Bàbá mi kú, Òṣùgbó ní kí n wá kúnlẹ̀: ṣé mo lè sin wọ́n láì sẹ́ ìgbàgbọ́ mi?

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí, èmi sì ni Dáwódù bàbá mi. Ìkòròdú ni mò ń gbé, ìlú wa kò sì jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì tí bàbá wa ti kú, òkú wọn wà ní mọ́ṣúárì. Wọ́n máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ Kérésì àti lọ́jọ́ ìkórè, ṣùgbọ́n Òṣùgbó, ìyẹn ẹgbẹ́ Ògbóni nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n títí wọ́n fi kú. Àwọn àgbà ẹbí ti gbé lístì wá: ewúrẹ́, àkùkọ, obì, ọtí àti owó. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ máa ti ilẹ̀kùn mọ́ òkú kí ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà á, àti pé èmi Dáwódù gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kí n fi ọwọ́ ara mi gbé àkùkọ náà kalẹ̀. Pásítọ̀ mi ní bí mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ ìsìnkú náà rárá, mo ti bá òkùnkùn dá májẹ̀mú. Ìyá mi ń sunkún pé bí n kò bá ṣe é, àwọn ò ní lè gbé ìlú náà mọ́. Àbúrò mi ní kí n sanwó, kí n kúnlẹ̀, kí n máa gbàdúrà sínú, pé Ọlọ́run mọ ọkàn. Ṣé sísẹ́ Jésù nìyẹn? Kí ni kí n ṣe?"

Ọmọ mi, o kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ̀yìn wọn á dára. Ohun tí o pè ní ìbéèrè kan yìí, mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, àwọn mẹ́ta tó sì ti bá ọ sọ̀rọ̀, oníkálùkù ló di ọ̀kan mú. Pásítọ̀ rẹ ń wo ohun tí ẹ̀sìn wí. Àbúrò rẹ ń wá bí ẹ ṣe máa tètè bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ìyá rẹ, tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ń ro ẹni tí yóò máa yà kí wọn láàárọ̀ nígbà tí gbogbo yín bá ti padà sí Èkó. Mo ti jẹ́ àlùfáà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí pẹ́, mo sì ti rí i pé ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni kí ènìyàn fi ìdáhùn ọ̀kan pa àwọn méjì yòókù lẹ́nu mọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti pásítọ̀ rẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo sì mọ̀ pé ọkàn rẹ ló ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n pé kí Dáwódù má dé ibi ìsìnkú bàbá rẹ̀, n kò rí i kà nínú Bíbélì. Jósẹ́fù ni mo rí níbẹ̀. Ka Jẹ́nẹ́sísì orí 50. Jákọ́bù kú sí Íjíbítì, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ oríṣiríṣi òòṣà. Jósẹ́fù ṣubú lé òkú bàbá rẹ̀, ó sunkún, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Ó ní kí àwọn oníṣègùn Íjíbítì tọ́jú òkú náà bí wọ́n ṣe máa ń tọ́jú òkú nílẹ̀ wọn, iṣẹ́ 40 ọjọ́. Àwọn ará Íjíbítì bá a ṣọ̀fọ̀ fún 70 ọjọ́. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n máa sin ín sí, Jósẹ́fù ránṣẹ́ sí ọba láti ẹnu àwọn ará ààfin, ó ní bàbá òun ti mú òun búra pé Kénáánì lòun gbọ́dọ̀ sin wọ́n sí. Ọba gbà, àwọn ìjòyè Íjíbítì sì tẹ̀lé e lọ. Ó bá wọn ṣe gbogbo èyí tó jẹ́ ti ọ̀fọ̀ àti ti ọlá, ó fi ẹ̀sọ̀ béèrè èyí tó jẹ́ tirẹ̀, a kò sì kà á níbì kankan pé ó bọ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ pé ó sá lọ ni, ta ni ì bá gbé Jákọ́bù dé ihò Mákípélà?

Ohun kan tún wà tí àwọn pásítọ̀ wa kì í rò. Ọmọ tó bá sá fún òkú bàbá rẹ̀, ìlú kì í rántí rẹ̀ bí ẹni tó dúró ti Jésù. Ahun ni wọ́n á pè é. Wọ́n á ní owó ni kò fẹ́ ná, ló fi ṣọ́ọ̀ṣì bojú. Bí o bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí o kọ̀, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ rí ohun tí o ṣe.

Nítorí náà, gbé lístì yẹn jáde, kí a jọ kà á. Owó àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀: iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe, san án, kí o sì fi lé e. Oúnjẹ àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ-osú: ẹ̀tọ́ wọn ni, àwọn ni wọ́n á dáná, tí wọ́n á tún fọ ìkòkò títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Bí wọn kò bá tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, ṣe é. Ewúrẹ́: béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bí inú ìkòkò ọbẹ̀ àlejò ló ń lọ, ra méjì. Obì: obì la fi ń kí ènìyàn nílé wa, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí o gbé obì fún àgbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ pa á kí wọ́n fi bi òkú léèrè bóyá inú rẹ̀ dùn, obì náà ti kúrò ní obì àlejò. Ọtí: bí ìjọ rẹ kò bá fọwọ́ sí i, ra mínírà, n kò ní jẹ́ kí a ti ìyẹn bọ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí o bá fi bírò sàmì sí gbogbo èyí tó jẹ́ ti alààyè, wàá rí i pé mẹ́ta péré ló kù: owó tí àwọn ẹgbẹ́ fẹ́ gbà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, àkùkọ yẹn, àti orúnkún rẹ.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi nìyí: ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Bí ó bá jẹ́ alààyè tó jókòó síbẹ̀, tó máa jẹ ẹ́, tó máa dúpẹ́, àlejò ṣíṣe ni, kódà kí owó rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá jẹ́ òkú, tàbí ẹ̀mí kan tí a kò rí, kí ó lè gba nǹkan lọ́wọ́ wa tàbí kí ó lè fi wá sílẹ̀, ẹbọ ni, kódà kí ó jẹ́ awẹ́ obì kan. Iye kọ́ ló ń sọ ọ́ di ẹbọ. Bí a bá mú ìbéèrè yìí dání, a kò ní máa ṣàṣejù bíi ti àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ kan tí wọn kì í dọ̀bálẹ̀ fún àgbà mọ́, pé Ọlọ́run nìkan là ń wólẹ̀ fún. Ábúráhámù tẹrí ba fún àwọn ará Hétì nígbà tó fẹ́ ra Mákípélà kan náà yẹn láti sin Sárà sí. Ó wà ní Jẹ́nẹ́sísì 23. Ìbọ̀wọ̀ fún onílẹ̀ ni. Dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àgbà ẹbí rẹ, kí o jẹ́ kí àyà rẹ kan ilẹ̀.

Ti àbúrò rẹ ló wá le jù, nítorí ó dùn létí. Òótọ́ ni pé Ọlọ́run mọ ọkàn. Ṣùgbọ́n Nebukadinésárì, ọba tó ní kí gbogbo ènìyàn wólẹ̀ fún ère wúrà rẹ̀, kò bèèrè ọkàn lọ́wọ́ Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò, orúnkún ló ń wá. Wọ́n lè tẹ̀ ba díẹ̀ kí wọ́n sọ pé okùn bàtà làwọn ń so, kí wọ́n sì máa gbàdúrà sínú. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n kọ̀ ni pé gbogbo ìlú ló ń wò, ohun tí ìlú bá sì rí ni ìlú máa gbà gbọ́.

Àwọn tó mọ Bíbélì dáadáa á wá fa Náámánì yọ, ní Ọba Kejì orí 5, ẹni tó sọ fún Èlíṣà pé bí ọ̀gá òun bá fara ti apá òun nínú ilé òòṣà tí wọ́n ń pè ní Rímónì, tí òun náà bá tẹrí ba, kí Olúwa dárí jì òun. Èlíṣà ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Mo ti gbọ́ ibẹ̀ yẹn lẹ́nu àwọn tó ń wá àwáwí ju ẹnu àwọn tó ń wá òtítọ́ lọ. Wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ìránṣẹ́ ni Náámánì, apá rẹ̀ ni ọba fara tì. Òun kọ́ ló mú ẹbọ wá. Ó sì ti sọ tẹ́lẹ̀ ní gbangba pé òun kò ní rúbọ sí ọlọ́run mìíràn mọ́ láéláé. Bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ ìsìnkú náà ló kọ̀wé sí mi, Náámánì ni mo máa kà fún un. Ìwọ ni wọ́n ní kí o gbé e kalẹ̀.

Pọ́ọ̀lù ló sún mọ́ tìrẹ jù. Nínú 1 Kọ́ríńtì orí 10, ó ní ohun tí wọ́n bá ń tà lọ́jà, kí a rà á jẹ láì wádìí. Ó ní bí aláìgbàgbọ́ bá pè wá wá jẹun, kí a jẹ ohun tó bá gbé ka iwájú wa. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti sọ fún wa pé a ti fi èyí rúbọ, kí a má jẹ ẹ́ mọ́, nítorí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹran náà kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé a ti mọ̀, ẹni tó sọ ọ́ sì mọ̀ pé a mọ̀. Àwọn àgbà rẹ ti sọ ohun tí àkùkọ náà wà fún. O kò lè sọ mọ́ pé o rò pé ọbẹ̀ ni. Nítorí náà, bí o ṣe bi mí gan-an: bẹ́ẹ̀ ni, bí o bá kúnlẹ̀ tí o gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ tí o ní yìí, o ti sẹ́ ohun tí o ń jẹ́wọ́. N kò sọ pé Ọlọ́run kò ní dárí jì ọ́. Pétérù sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì gbà á padà. Ṣùgbọ́n o bi mí kí o tó ṣe é, mi ò lè máa ṣe bí ẹni pé kò tíì dé iwájú mi.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó máa dun àwọn kan nínú ìjọ: ta ló ni òkú bàbá rẹ? Bàbá rẹ ló fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ilé Òṣùgbó. Wọ́n búra níbẹ̀, wọ́n sì bá wọn jókòó títí ọjọ́ fi alẹ́. Ẹgbẹ́ yìí kọ́ ni ẹgbẹ́ ajínigbé tí àwọn oníwàásù kan ń pè é. Láyé àtijọ́, òun ni ilé ẹjọ́ ìlú Ìjẹ̀bú, àwọn àgbà tó ń parí ìjà ilẹ̀ àti ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀. Bàbá rẹ kọ́ sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga méjì. Ní 1914, ní Èkó, àlùfáà Áńgílíkà kan, T. A. J. Ògúnbíyì, dá ẹgbẹ́ Ògbóni àwọn onígbàgbọ́ sílẹ̀. Ní 1934 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Reformed Ogboni Fraternity, wọ́n sì ṣí i fún àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ìjọ tó tóbi ló wọ̀ ọ́, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ńlá ti ń ríra. Ìjọ ti wàásù lòdì sí i láti ìgbà náà, síbẹ̀ àwọn tó ń joyè nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tún ń joyè níbẹ̀ kò tán. Òkùnkùn kọ́ ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù pé kí wọ́n má tì wá sẹ́yìn láàárín ẹgbẹ́ ni, ìbẹ̀rù kan náà tó ń yọ ìyá rẹ lẹ́nu báyìí.

Nítorí ìdí èyí, mo ń bá ọ sọ ọ́ gbangba pé o kò lè tún ayé bàbá rẹ gbé lẹ́yìn ikú wọn. Ohun tí wọ́n yàn, wọ́n ti yàn án. Ohun tó kù ní ọwọ́ rẹ ni ohun tí ìwọ máa ṣe. Bí mo ṣe rí i, ọ̀nà mẹ́ta ló wà yàtọ̀ sí ti àbúrò rẹ. Àwọn kan máa ń sanwó náà kí wọ́n sì rán ẹlòmíràn lọ kúnlẹ̀, ìbátan kan tí kì í ṣe onígbàgbọ́. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí o fún ní àkùkọ, tí o ní kó lọ gbé e kalẹ̀ lórúkọ rẹ, ọwọ́ rẹ ló fi gbé e. Ọ̀nà kejì ni kí o sọ fún àwọn ẹgbẹ́ pé o kò ní dí wọn lọ́wọ́ láti dágbére fún ọ̀rẹ́ wọn, kí wọ́n ṣe é nínú ilé tiwọn, pẹ̀lú owó tiwọn, láìsí ìwọ, láìsí àwọn ọmọ rẹ, kí ó sì tán kí ìjọ tó gba òkú. Ọ̀nà kẹta ni kí o kọ̀ jálẹ̀, kí o gbé òkú láti mọ́ṣúárì lọ tààrà sí itẹ́ òkú ìjọ.

Èmi tẹ̀ sí ọ̀nà kejì bí wọ́n bá gbà á. Àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ mi wà tí wọ́n gbà pé mo fàyè gba ohun tí kò yẹ, pé ọmọ tó mọ̀ tó sì dákẹ́ ti lọ́wọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo, n kò sì lè fi ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo dá wọn lóhùn. Ohun tí mo lè sọ ni pé àgbàlagbà ni bàbá rẹ, wọ́n ṣe àdéhùn pẹ̀lú àwọn ènìyàn kan, a kò sì fi ọ́ ṣe adájọ́ lórí àdéhùn tí o kò bá wọn ṣe. Bí àwọn ẹgbẹ́ bá ní ó di dandan kí ìwọ fúnra rẹ wà níbẹ̀, tàbí kí òkú má wọlẹ̀, nígbà náà ọ̀nà kẹta ló kù. Kí o tó yan èyíkéyìí, lọ bá fíkà ìjọ tó máa sin ín, kí o sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì yọ nǹkan kan kúrò. Àwọn ìjọ kan kì í sin ẹni tó bá kú sínú ẹgbẹ́ awo, ó sì sàn kí o gbọ́ ọ lónìí ju kí o gbọ́ ọ nígbà tí pósí bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wo ìwé tí mọ́ṣúárì kọ pẹ̀lú. Lọ́pọ̀ ibẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì ni wọ́n máa gbé òkú fún. Bí orúkọ àbúrò bàbá rẹ ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ ti tẹ̀ síbì kan kí o tó ya ẹnu. Bí wọ́n bá fẹ́ sin ín sínú ilé, rántí pé ẹni tó ni ilẹ̀ ilé yẹn ló ni ohùn. Itẹ́ òkú ìjọ gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lẹ́nu wọn.

Bí o ṣe máa sọ ọ́ ló kù, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ba ọ̀ràn tó yẹ kó dára jẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Má dúró di ọjọ́ ìpàdé ẹbí. Má mú pásítọ̀ lọ́wọ́. Má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lọ bá olórí ẹbí nírọ̀lẹ́, ìwọ nìkan, mú nǹkan dání, kí o jókòó sórí àpótí bí ọmọ. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ irú ibẹ̀ nígbà kan, nítorí ó bẹ̀ mí, èmi kò sì sọ ju gbólóhùn ìkíni lọ. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí ni n ó ṣe, n ó sì fi kún un. Ìlà méjì ni mo ń bẹ̀ yín sí. Ẹ má jẹ́ kí n ṣe é, nítorí bí mo bá ṣe é, irọ́ ni mo fi ń sin bàbá mi." Bàbá náà wò ó pẹ́. Ó gba lístì, ó yọ gíláàsì rẹ̀ nínú àpò, ó ka ìlà méjèèjì náà bí ẹni pé òun kọ́ ló kọ wọ́n, ó wá ní kí wọ́n bá òun mú bírò wá. Ó fagi lé ọ̀kan. Ó ní ìkejì kò sí lọ́wọ́ òun, kí ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, wọ́n bú u, wọ́n ní ọmọ àlè ni, wọ́n sì wá gbà pé àwọn á ṣe tiwọn lọ́dọ̀ ara wọn. Àgbàlagbà kan nínú wọn kò tún kí ilé náà mọ́ títí ó fi kú. Mo sọ ìyẹn kí o má baà rò pé gbogbo rẹ̀ ló máa ń parí sí ẹ̀rín.

Ṣàkíyèsí pé kò wàásù. Kò pe òòṣà wọn ní èṣù níwájú òkú. Dáníẹ́lì ní Bábílónì gba orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó gba ilé ìwé wọn, oúnjẹ ọba nìkan ló kọ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ ẹni tí olórí àwọn ìwẹ̀fà fi ṣe olùtọ́jú wọn pé kí ó dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá kọ gbogbo nǹkan, kò sí ẹni tó máa mọ èyí tó ṣe pàtàkì sí i.

Wọ́n á halẹ̀ mọ́ ọ. Wọ́n á ní ọdún kò ní yí ká kí o tó tẹ̀lé bàbá rẹ. N kò lè ṣèlérí fún ọ pé ara rẹ kò ní gbóná, pé iṣẹ́ kò ní bọ́, pé mọ́tò kò ní bàjẹ́ lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀ sí onígbàgbọ́, àwọn tó ń dúró dè é á sì sọ pé àwọn sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gba ìgbàgbọ́ ní Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kò rí ààbò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1849, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí àwọn míṣọ́nnárì, Townsend àti Àjàyí Crowther, dé ìlú náà, wọ́n mú àwọn onígbàgbọ́ náà, wọ́n nà wọ́n, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè padà sídìí òòṣà ilé wọn. Ìjọ kò tán níbẹ̀. Ṣádírákì àti àwọn méjì yòókù náà sọ fún ọba pé Ọlọ́run lè gba àwọn, wọ́n sì fi lé e pé bí kò bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn kò ní wólẹ̀. Gbólóhùn kejì yẹn ni mo fẹ́ kí o kọ́ sórí kí o tó lọ.

Òfin wà lẹ́yìn rẹ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Abala 38 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ẹ̀sìn padà. Télọ̀ kan wà ní Àbá tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wọ ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí ìlú rẹ̀. Nígbà tí kò san owó tí ẹgbẹ́ dá, wọ́n gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ lọ. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, ní 1991 wọ́n sì dá a láre pé àṣà kò lè fi tipátipá mú ènìyàn wọ ẹgbẹ́. Nílé wa níhìn-ín, nígbà tí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà ní oṣù Keje 2025 lẹ́ni ọdún 91, ìlànà Ìsìláàmù ni wọ́n fi sin wọ́n lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe fẹ́. Wàá rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwa onígbàgbọ́ nìkan. Ṣùgbọ́n ọba ti sọ tiwọn nígbà ayé wọn, bàbá rẹ kò sọ. Èmi kì í sì í ṣe lọ́yà. Bí ẹnikẹ́ni bá halẹ̀ láti gbé òkú tàbí láti lu ìyá rẹ, wá lọ́yà lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì jẹ́ kí tèsán mọ̀. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, má fi ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀. Ìwọ á padà sí Ìkòròdú, ìyá rẹ ló máa bá wọn gbé.

Ìyá rẹ ni mo ń rò jù. Ìgbàgbọ́ rẹ ni ìwọ fẹ́ dáàbò bò, àwọn ló sì máa sanwó rẹ̀. Jókòó tì wọ́n kí o tó jókòó ti olórí ẹbí. Béèrè lọ́wọ́ wọn, ta ni ọ̀rẹ́ wọn nínú àwọn ìyàwó ilé, ta ló máa bá wọn dúró. Sọ fún wọn pé yàrá kan wà fún wọn lọ́dọ̀ rẹ, kí ó sì jẹ́ òótọ́, kí ìyàwó rẹ ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, máa wá sílé lóṣooṣù, kí ojú rẹ má ṣàjèjì sí wọn. Ẹ̀rù tó ń ba ìyá rẹ, rírí tí àwọn ará ìlú bá ń rí ọ lóòrèkóòrè ló máa mú un rọlẹ̀ ju ìwàásù lọ. Má sì fi ẹ̀sìn ni wọ́n lára. Crowther tún pàdé ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti jí i gbé. Ọdún 1848 ni ó tó ṣèrìbọmi fún wọn. Bíṣọ́ọ̀bù ọjọ́ iwájú náà fi ìyá rẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀.

Nítorí pé o máa náwó kí wọ́n má baà pè ọ́ ní ahun, gba èyí náà: má tìtorí ẹ̀ lọ yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ra léèsì. Mo mọ àwọn tí kò tẹ̀ ba fún òòṣà kankan tí wọ́n sì ń san gbèsè aṣọ ẹbí di òní. Ìtìjú ló ń lé wọn, òun náà sì mọ bí a ṣe ń gba orúnkún.

Ó ku ohun kan tí o kò bi mí, tó sì máa dé iwájú rẹ. Nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ yàrá bàbá rẹ mọ́, ẹ máa rí ìtagbè wọn, aṣọ èjìká àwọn Òṣùgbó, bóyá ẹdan, ère idẹ wọn, pẹ̀lú, nínú àpótí tàbí lábẹ́ ibùsùn. Ẹnìkan nínú ìjọ rẹ máa ní kí ẹ dáná sun ún. Má gbà. Kì í ṣe tìrẹ, ẹrù ẹlòmíràn ni. Pe ẹni méjì nínú ẹbí kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí, fi aṣọ wé e, kí o ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ pé ẹrù yín rè é, bàbá wa lò ó tán. Lẹ́yìn náà kí o gbálẹ̀ yàrá náà, kí ìyá rẹ lè rí ibi sùn.